Ẹ Má Ṣe Pe Ìsanrajù Ọmọdé ní Àlàáfíà

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu wa ní Pobè àti ní Sakété, ní ibi ìkómọjáde, ní ibi ìsìnkú àgbà, àní ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa pàápàá. Bí a bá rí ọmọ tí ó sanra, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí ọrùn rẹ̀ ká sí ìlà mẹ́ta, a ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé: « Ẹ kú ìtọ́jú o, ara ọmọ yìí yá. » Bí a bá sì rí èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ó tilẹ̀ ń sáré káàkiri láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ láìrẹ̀ ẹ́, a ó máa béèrè bóyá nǹkan kò rọgbọ nílé wọn. Ìyìn yìí ni mo fẹ́ gbógun tì. Mo mọ̀ pé inú ìfẹ́ ni ó ti wá. Àwọn baba ńlá wa tí ojú wọn rí ìyàn, tí wọ́n sin ọmọ tí ìgbóná àti ìgbẹ́ gbuuru pa, ní ìdí tí wọ́n fi ń yọ̀ mọ́ ọmọ tí ó sanra. Ṣùgbọ́n ayé tí wọ́n ti kọ́ ìyìn náà, ayé tí ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ jẹ́ oúnjẹ, tí ẹsẹ̀ jẹ́ ọkọ̀, kọ́ ni ayé tí a ń tọ́ ọmọ sí lónìí.

Kí a má bàa ṣi ara wa gbọ́: n kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ara rẹ̀ kún ni ó ń ṣàìsàn. Ojú lásán kì í ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn dókítà a máa wọn ìwúwo ọmọ, wọ́n a wọn gíga rẹ̀, wọ́n a ṣírò ọ̀kan mọ́ èkejì, ohun tí a ń kọ ní IMC ní èdè Faransé, wọ́n a sì fi í wé ti àwọn ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin. Ìsanrajù tí mo ń sọ ni ti ọ̀rá tí ó pọ̀ sí ara débi tí ó fi ń ba ìlera jẹ́: ọmọ tí kò lè mí dáadáa bí ó bá sùn, tí orúnkún ń dùn ní ọmọ ọdún 12, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, tí a mọ̀ sí àìsàn àgbà, ti ń ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí BEPC.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń lọ ní ayé. Ní ọdún 1990, nínú 100 ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 19 ní gbogbo àgbáyé, 8 ni ìwúwo wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 2022, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe kà á, wọ́n ti di 20. Àwọn tí tiwọn ti di ìsanrajù gidi nínú wọn sì tó 160 mílíọ̀nù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, UNICEF kéde pé fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ tí ó sanra jù ti pọ̀ ju ọmọ tí ó rù jù lọ láàárín àwọn ọmọ tí ó tó ilé ìwé lọ. Apá ilẹ̀ méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà kò tíì rí bẹ́ẹ̀: gúúsù Éṣíà, àti ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín, ní ìhà gúúsù Sàhárà. Àwọn kan yóò gba èyí ní ìròyìn ayọ̀. Èmi kà á sí àkókò díẹ̀ tí a yá wa.

Àtakò kìíní tí mo máa ń gbọ́ ni pé: « Ebi ni ó ń pa ọmọ wa, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ìsanrajù. Àìsàn àwọn ará Kùtọ̀nú àti ará Èkó nìyẹn. » Àwọn tí ń sọ ọ́ kì í ṣe òpùrọ́. Ìwádìí lórí ènìyàn àti ìlera, EDS, tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 2017 sí 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, 32 ni kò ga tó bí ó ti yẹ kí wọ́n ga, nítorí pé oúnjẹ tí ó péye kò tó wọn, láti inú oyún ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tí ìwúwo wọn pọ̀ jù kò ju bí 2 nínú 100 lọ. Ẹni tí ó bá ka òǹkà yìí tí ó sì pa ìwé dé lè sùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ebi ń ṣe nínú ara. Ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ apá kan ilẹ̀ Holland, ìyàn ńlá sì mú níbẹ̀. Ní 1976, àwọn olùwádìí tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde lórí 300 000 ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ náà, ẹni ọdún 19, tí a ti yẹ ara wọn wò fún iṣẹ́ ológun. Àwọn tí ìyàn náà bá ìyá wọn ní ìdajì àkọ́kọ́ oyún ni ìsanrajù wọ́pọ̀ sí jù. Ara tí ó ti inú oyún mọ ebi a máa ṣọ́ ọ̀rá bí ahun ṣe ń ṣọ́ owó. Bí ó bá wá rí ṣúgà àti epo ní ọ̀pọ̀ yanturu lẹ́yìn náà, yóò tò ó jọ. Nítorí náà, àwọn ọmọ 32 yẹn gan-an ni ewu ń dúró dè lọ́jọ́ tí oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú bá kún ọjà wa, ó sì ti ń kún un. A kò lè fi ebi àná ṣe àwíjàre fún ìgò òní. Ilé kan náà ni àbúrò tí kò ga àti ẹ̀gbọ́n tí ó sanra jù lè máa gbé, kí àtẹ oúnjẹ kan náà sì jẹ́ okùnfà méjèèjì.

Ní ti pé àìsàn Kùtọ̀nú ni, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bí ó ṣe dé Kùtọ̀nú. Ní 2008, Roger Sodjinou, Hélène Delisle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí 200 àgbàlagbà ní ìlú náà; wọ́n rí i pé bí owó ẹni bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìsanrajù ń pọ̀ sí i. Àgbàlagbà ni wọ́n wò, kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà yẹn ni ó ń tọ́ ọmọ, tí ó ń fi ohun tí a ń pè ní ìgbé ayé rere hàn wọ́n. Láti ibẹ̀ dé Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Sakété, láti Sakété dé Pobè, ọ̀nà kan náà ni. Nígbà kan rí, ojú irin ni ó ń gba ọ̀nà yìí, ó ń kó epo pupa àti èkùrọ́ wa lọ sí etí òkun. Láti 1922 ni iṣẹ́ ìwádìí lórí igi ọ̀pẹ ti fìdí múlẹ̀ ní Pobè, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ wa ní ìtàn epo. Lónìí ọkọ̀ ni ó ń bọ̀: ó ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀, ó ń ti Igolo, ẹnu ibodè Nàìjíríà, bọ̀, ohun tí ó sì kún inú rẹ̀ ni bísíkíìtì, bọ́ńbọ́ǹ, àti ìgò. Èrè ti lọ sí ibì kan, ṣúgà ń wá sọ́dọ̀ wa.

Àtakò kejì sàn díẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó sábà ń mú un wá: « Ìran wọn ni. Bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. » Òótọ́ ni pé ara kò rí bákan náà, oúnjẹ kan náà lè mú ọ̀kan sanra kí èkejì má sanra. Ṣùgbọ́n 8 nínú 100 di 20 nínú 100 láàárín ọdún 32. Ṣé ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ aráyé ni ó yí padà láàárín ọdún 32? Ohun tí ó yí padà ni ohun tí ọmọ ń mu, ohun tí ó ń jẹ, bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń sùn àti ohun tí ó ń wò. A kò lè yan bàbá àgbà fún ọmọ. Àwọn ìyókù, àgbàlagbà kan ni ó yan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún un.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ìgò, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀bi wa ti hàn jù. Èdè Faransé tí a ń sọ níhìn-ín ní òtítọ́ inú ju tiwa lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: « sucrerie » ni gbogbo wa ń pe ọtí ẹlẹ́rìndòdò, orúkọ náà sì ti jẹ́wọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìgò kékeré 33 cl kan sábà máa ń ní ṣúgà bíi 35 g, ìyẹn hóró ṣúgà 7. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ti 2015, ní kí ṣúgà àfikún má ṣe kọjá ìdá mẹ́wàá agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́, ó sì dára jù kí ó má tó ìdajì ìyẹn, èyí tí ó jẹ́ bíi 25 g fún àgbàlagbà. Ọmọ ọdún 6 tí ó mu ìgò kan tán ní ibi ìkómọjáde ti kọjá ẹ̀tọ́ àgbàlagbà. Kò sì yó. Yóò ṣì jẹ ìrẹsì rẹ̀, nítorí pé ṣúgà inú omi kì í jẹ́ kí ikùn mọ̀ pé òun ti gba nǹkan. Kí ni a sì ń ṣe? Àwa ni a ń ṣí ìdérí ìgò náà fún un. Omi ni a ń fún ọmọ tí a fẹ́ fìyà jẹ. Ìgò ni a ń fún ọmọ tí a fẹ́ràn.

Bóyá ẹnìkan yóò ní ìgò kan kò lè ṣe nǹkan. A ti dán an wò. Ní Amsterdam, àwọn olùwádìí pín ohun mímu 25 cl fún ọmọ 641 lójoojúmọ́ fún oṣù 18. Àwọn kan ń gba èyí tí ó ní ṣúgà, àwọn yòókù ń gba èyí tí kò ní, láìjẹ́ pé wọ́n mọ èwo ni tiwọn. Nígbà tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2012, àwọn tí wọ́n mu ṣúgà ti fi nǹkan bí kílò kan wúwo ju àwọn yòókù lọ. Ìgò kékeré kan lójúmọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpẹẹrẹ kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ní Dortmund àti Essen ní ilẹ̀ Jámánì, ní àdúgbò àwọn tálákà, wọ́n gbé ẹ̀rọ omi mímu sí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìgò tí yóò máa fi bu omi, wọ́n sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ mẹ́rin lórí omi. Wọn kò ka oúnjẹ kankan léèwọ̀. Láàárín ọdún ìwé kan, ewu kí ọmọ sanra jù fi 31 nínú 100 dín kù ní àwọn ilé ìwé náà sí ti àwọn tí a kò gbé ẹ̀rọ sí. Omi lásán ni. Ọmọ Sakété kò yàtọ̀ sí ọmọ Essen nínú bí ara rẹ̀ ṣe ń lo ṣúgà. Ohun tí ó fi yàtọ̀ ni pé bí òǹgbẹ bá gbẹ ẹ́ ní agogo mẹ́wàá ní àgbàlá CEG, ó rọrùn fún un láti rí ohun dídùn rà ju kí ó rí omi mímọ́ mu lófẹ̀ẹ́.

Ṣáájú ilé ìwé ni ọmú wà. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú ìyá nìkan, láìsí omi, láìsí àgbo: ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kà á mọ́ ohun tí ń dín ewu ìsanrajù kù. Lẹ́yìn náà ni ògì yẹ kí ó dé, pẹ̀lú ẹ̀wà lílọ̀, ẹja gbígbẹ tí a gún, àti epo pupa díẹ̀. Ṣùgbọ́n agolo ni ó ń gba ipò ògì nílé ẹni tí ó bá rọ́wọ́ họrí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹgbẹ́ Public Eye ti ilẹ̀ Switzerland pẹ̀lú IBFAN fi hàn pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀ ń ta oúnjẹ ìkókó láìfi ṣúgà sí i fún ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ṣúgà sí èyí tí ó ń tà ní Áfíríkà, ní Nàìjíríà tí ó múlé gbè wá pẹ̀lú. Ẹ tún un kà. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó fà á.

Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé báyìí, níbi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń fẹ́ kí n bú ẹnìkan. Àwọn ìyá tí ń tajà ní àgbàlá ilé ìwé, àwọn tí ọmọ ń pè ní « bonne dame », ni a ń di gbogbo ẹ̀bi rù: epo wọn ti dúdú, bọ́ńbọ́ǹ wọn pọ̀ jù, wọn kò mọ́ tó. N kò ní bá yín bú wọn. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó ṣì ń se ẹ̀wà àti ìrẹsì, tí wọ́n ń di ẹ̀kọ sínú ewé, tí wọ́n ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀. Láìsí wọn, bísíkíìtì nìkan ni yóò kù. Ohun tí ọmọ bá fẹ́ rà ni wọ́n ń tà, ohun tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá sì ká ni ó ń fẹ́. Bí a bá fi 100 F lé ọmọ ọdún 13 lọ́wọ́ láàárọ̀, tí kò jẹun kí ó tó kúrò nílé, tí a kò sì bi í léèrè lálẹ́ ohun tí ó fi ṣe, a ti sọ ọ́ di olórí ilé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ara rẹ̀. Mo bi yín, ẹ̀yin àgbà: ta ni nínú yín tí ó ń fi owó oúnjẹ ilé lé ọmọ ọdún 13 lọ́wọ́ láìbéèrè ìṣirò?

Ìjọba ti ṣe nǹkan kan níbí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Láti 2017 ni ètò oúnjẹ ilé ìwé, PNASI, pẹ̀lú Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé, PAM, ti ń se oúnjẹ gbígbóná fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n ọmọ a máa gba CEP, a sì máa wọ CEG, ìkòkò náà kò sì tẹ̀ lé e lọ. Ní ọdún tí ara rẹ̀ ń dàgbà jù, tí egungun ń gùn, tí ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, tí ebi ń pa wọ́n bí ìgbà tí iná ń jó pápá, ìgbà náà gan-an ni a fi í sílẹ̀ fún ọjà. Àwọn ìyá tí ń tajà ni ó lè dí àlàfo náà, bí a bá jókòó tì wọ́n dípò kí a máa lé wọn: kí ilé ìwé bá wọn ṣe àdéhùn pé ẹ̀wà, ẹyin, ọsàn, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀yìnbó yóò wà lórí àtẹ, kí a yọ owó ìjókòó kúrò fún ẹni tí ó bá tà wọ́n, kí ohun mímu dídùn sì dúró lẹ́yìn ògiri. Òbí ọmọ, ẹgbẹ́ wa, àti ọ̀gá ilé ìwé lè ṣe èyí láìdúró de àṣẹ láti Kùtọ̀nú. Oúnjẹ ilẹ̀ wa kọ́ ni ọ̀tá. Mo ń sọ ọ́ nítorí àwọn tí wọ́n ka ìwé díẹ̀ tí wọ́n ń bú epo pupa àti ẹ̀kọ, tí wọ́n sì ń fi omi èso inú páálí tí ó kún fún ṣúgà dípò.

Ẹsẹ̀ ń kọ́? Ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 17 yẹ kí ó fi ara ṣiṣẹ́ tagbáratagbára fún wákàtí kan lójúmọ́. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ nìyẹn, mẹ́rin nínú màjèsín márùn-ún ní ayé ni kò sì dé ibẹ̀. Ọmọ oko Pobè tí ń pọn omi, tí ń fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà mẹ́ta lọ sí ilé ìwé, kò ní ìṣòro yìí. Ìsinmi ni ó nílò. Àwọn tí mò ń bá wí ni àwa ará ìgboro, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò, olùkọ́, tí a ń gbé ọmọ sórí zémidjan lọ sí ilé ìwé tí kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí a sì ń lọ bẹ dókítà fún ìwé kí ọmọ wa obìnrin má bàa ṣe EPS, nítorí pé òórùn yóò pa á, nítorí pé yóò dúdú. Àwọn ibi tí à ń sáré sí nígbà kan, a ti pín wọn ní pọ́lọ́ọ̀tì, a ti tà wọ́n. Bí ìlú kan bá pín ilẹ̀ rẹ̀ tí kò fi pápá kan sílẹ̀ fún ọmọdé, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu pé inú yàrá ni ọmọ náà wà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ àṣà gan-an. A ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yangàn, ó sì tọ́. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì wà nínú ìwé àkójọ rẹ̀ láti 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹni tí ó bá ti wọ ṣaworo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí ẹsẹ̀ rí mọ̀ pé kò sí eré ìdárayá tí ó le tó o: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ìlù lóhùn, pẹ̀lú gbogbo ẹrù aṣọ lára. Láti kékeré ni ọmọ ti ń kọ́ ọ. Mélòó nínú ọmọ wa ni ó ń kọ́ ọ lónìí, mélòó ni ó kàn ń wò ó lórí fóònù nígbà tí ó jókòó pẹ̀lú bísíkíìtì lọ́wọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ìjàkadì, bojúbojú, fífò okùn, ijó: àṣà ni gbogbo wọn. Kò yẹ kí a máa kọ́ ọmọ ní ìtàn wọn nìkan.

Ní ti fóònù àti tẹlifísọ̀n, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1999 a tẹ èsì ìwádìí kan jáde láti San Jose, ní Amẹ́ríkà: a kọ́ àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ní ilé ìwé kan láti dín wíwo tẹlifísọ̀n kù, a kò kọ́ ti ilé ìwé kejì, nígbà tí ọdún ìwé parí, ara àwọn ọmọ ilé ìwé kìíní kò sanra tó ti èkejì. Ẹni tí ń wo nǹkan a máa jẹun láìmọ̀, a máa rí ìpolówó, a sì máa sùn pẹ́. Oorun tí kò tó ń dá ebi sílẹ̀ fún ara ní ọjọ́ kejì. Fóònù tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ ní agogo kan òru, òbí ni ó rà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dùn mí ju gbogbo èyí lọ. Ọmọ kan náà tí a yìn ní ọdún mẹ́ta ni a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún mẹ́tàlá. « Ọ̀rọ̀bọ̀ » ni orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Olùkọ́ á pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọ á rẹ́rìn-ín, kò ní jáde fún EPS mọ́, yóò máa dá jẹun. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ: ìtìjú kì í dín ọ̀rá kù, ó ń kún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó pè é sí eré. Ìjà tí mò ń jà, ìgò, àtẹ àti pápá ni mo ń bá jà á. N kò bá ọmọ jà.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ará ilé tí mo fẹ́ sọ fún ni ẹgbẹ́ wa. Ní gbogbo àríyá ọmọdé ìparí ọdún, páálí ohun mímu dídùn ni ó ń kọ́kọ́ wọlé. Ní ìdíje bọ́ọ̀lù ìgbà ìsinmi, a fẹ́ kí ọmọ sáré, a sì ń so àsíá àwọn tí ń ta ṣúgà mọ́ ẹ̀yìn ilé gọ́ọ̀lù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àbá kan tí ó ní kí a má ṣe polówó oúnjẹ àti ohun mímu oníṣúgà níbi tí ọmọdé ń péjọ sí: ilé ìwé, pápá ìṣeré, títí kan eré ìdárayá àti ètò àṣà tí a bá ṣe níbẹ̀. Ètò àṣà. Wọ́n dárúkọ wa.

N kò retí pé ẹgbẹ́ kékeré yóò yí owó orí padà. Gúúsù Áfíríkà ti fi owó orí lé ohun mímu oníṣúgà láti 2018. Nàìjíríà tẹ̀ lé e nípa òfin ìṣúná 2021, pẹ̀lú 10 náírà lórí lítà kan, èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò fi lè mọ̀ pé ohun kan yí padà. Àwọn aṣòfin ni kí ó bójú tó ìyẹn. Ṣùgbọ́n àpò ẹgbẹ́ wa wà lọ́wọ́ wa. Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, mo fẹ́ kí a dìbò pé kò sí àsíá ohun mímu dídùn mọ́ níbi ètò kankan tí ó ní ọmọdé nínú, kí owó páálí àríyá ọdún yìí sì lọ sí ẹ̀rọ omi mímu kan ní CEG kan ní Pobè àti ọ̀kan ní Sakété, kí a ra ọsàn fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ àríyá náà. Àkókò ọsàn sáà ni, kò wọ́n. Mo tún fẹ́ kí a bẹ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n máa wọn gíga àti ìwúwo àwọn ọmọ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìwé, nínú yàrá, láìpe òǹkà ẹnikẹ́ni síta, kí a lè mọ èyí tí ebi ń pa àti èyí tí ìgò ń pa. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá ní àwíjàre kí ó mú un wá. Kí ó má kàn ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú pé ara ọmọ òun yá.